Orí kí ni ká gbé kit car lé nígbà tá a bá ń tò ó nínú gáréèjì ilé?

Gáréèjì_Kóńkó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Kíìtì Caterham Seven kan (mọ́tò kékeré tí wọ́n ń kó ẹ̀yà rẹ̀ wá kí ẹni tó rà á tò ó fúnra rẹ̀) ń bọ̀ láti Dartford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó dé. Ṣáásì rẹ̀, ìyẹn férémù irin rẹ̀, yóò dé pẹ̀lú páànù ara rẹ̀. Ẹ́ńjìnì Duratec 2.0, gíábọ́ọ̀sì, diff (ohun tó ń pín agbára ẹ́ńjìnì sí táyà ẹ̀yìn méjèèjì) àti gbogbo nǹkan tó kù wà nínú páálí. De Dion ni ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn páìpù irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀.

Gáréèjì náà kéré: ìbú rẹ̀ jẹ́ 2.5 m, gígùn rẹ̀ 5 m. Kọnkéré ni ilẹ̀ rẹ̀, ó sì dà sí ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn. Láti ògiri ẹ̀yìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó fi 40 mm lọ sílẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ báyìí ni jáàkì onítáyà kan, sítáńdì méjì (irin ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń gbé mọ́tò lé) tí wọ́n kọ tọ́ọ̀nù mẹ́ta sí lára, àti búlọ́ọ̀kù mẹ́fà tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n mọ ògiri ọgbà.

Orí kí ni kí ṣáásì yìí jókòó lé? Kí ó ga tó báwo? Ibo gan-an lábẹ́ rẹ̀ ni ká ti gbé e? Ṣé ojú kan náà ló máa wà títí táyà yóò fi kan ilẹ̀? Ẹ dákun, ẹ má fi ohunkóhun pa mọ́, èèyàn ni yóò máa wọ abẹ́ rẹ̀.

Bàbá_Sípánà

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ búlọ́ọ̀kù kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Búlọ́ọ̀kù ń gbé ẹrù tó bá tẹ́ lé e káàkiri, bí ògiri ṣe ń tẹ́ lé e. Irin ṣáásì tí kò fẹ̀ ju 25 mm lọ kì í tẹ́ káàkiri, ojú kan ló máa ń gún. Bí búlọ́ọ̀kù bá fẹ́ fọ́, kò ní kìlọ̀. Tí èèyàn bá wá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, tí ihò rẹ̀ kọjú sí iwájú, ó tún burú sí i. Ẹ kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde kúrò nínú gáréèjì, kí ọwọ́ má bàa nà sí wọn lọ́jọ́ tí sítáńdì bá ku díẹ̀ kó ga tó.

Sítáńdì mẹ́rin lẹ nílò. Mọ́tò yìí, tó bá parí tán, kò ju nǹkan bí 550 kg lọ, nítorí náà agbára kọ́ ni ìṣòro, onítọ́ọ̀nù méjì ti tó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò: kí ó fẹ̀ nílẹ̀, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kan ilẹ̀ láìmì. Ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sára àwọn méjì tẹ́ ẹ ní dáadáa, torí àwọn kan ń kọ iye tí méjèèjì lè gbé pa pọ̀, èèyàn á rò pé ti ẹyọ kan ni.

Èyí tó ń lo irin tí a ń ti bọ ihò ló tẹ́ mi lọ́rùn ju èyí tó ń fi eyín há lọ. Ní 2020, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí àwọn èèyàn dá ọ̀pọ̀ sítáńdì eléyín padà torí pé eyín rẹ̀ lè yọ̀ bí ẹrù bá sún. Tó bá jẹ́ eléyín lẹ ní, lẹ́yìn tí ẹrù bá ti jókòó, ẹ fi ọwọ́ gbá ọwọ́ rẹ̀ sísàlẹ̀ kí eyín há dé ìdí.

Gíga rẹ̀: 350 mm sí 400 mm láti ilẹ̀ dé abẹ́ ṣáásì. Kí ó wà bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọmọ_Wẹ́dà

Ẹ̀gbọ́n Sípánà, mo fara mọ́ ti búlọ́ọ̀kù, ṣùgbọ́n ti "láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin" yẹn ni mi ò fara mọ́. Ẹrù tó wà lórí ṣáásì lọ́jọ́ kìíní àti èyí tó máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnì bá wọlé kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ṣáásì òfìfo, èèyàn méjì ló máa gbé e láìṣe wàhálà. Kí ló dé tí èèyàn á fi kúnlẹ̀ fún oṣù méjì nítorí nǹkan tó fúyẹ́ báyìí?

Ẹ kan àga káfíńtà méjì, irú èyí tí wọ́n fi ń rẹ́ igi, kí ó ga tó 650 mm sí 700 mm, ìyẹn ni pé kí eteetí ṣáásì bọ́ sí ìbàdí. Orí àga yìí ni ẹ ti máa ṣe páìpù bíréèkì, páìpù epo, wáyà iná, pẹ́dà, sítíárìn, àti lówà áàmù iwájú (irin tó so táyà mọ́ ṣáásì nísàlẹ̀). Gbogbo ìwọ̀nyí, ìka ló ń ṣe wọn, ojú sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ wọn. Ríféètì (ìṣó irin tí wọ́n fi ń kan páànù mọ́ irin) tí èèyàn bá yìn nígbà tó dùbúlẹ̀ sábà máa ń wọ́.

Igi 100 × 50 mm ni kí ẹ fi ṣe òkè àga, kí ẹ gbé e nàró lórí ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ó gùn ju ìbú abẹ́ ṣáásì lọ ní 150 mm lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ kan igi kékeré mọ́ ìdí méjèèjì, kí ṣáásì má lè yọ̀ ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó yà síta, kí igi kan sì so ẹsẹ̀ méjì pọ̀ ní 150 mm sókè ilẹ̀. Bóòtì ni kẹ́ ẹ fi dè é. Ìṣó máa ń tú bí a bá ń tì í síwá sẹ́yìn lójoojúmọ́.

Àga iwájú, ẹ fi í sábẹ́ irin ìdábùú tí lówà áàmù iwájú so mọ́. Ti ẹ̀yìn, ẹ fi í síwájú ibi tí diff máa gbé, níbi tí irin ìdábùú wà. Ibi tí irin méjì tàbí mẹ́ta ti pàdé ni kí ẹ máa wá nígbà gbogbo. Àárín irin gbọọrọ kan tó dá wà máa ń tẹ̀.

Ọjọ́ tí diff, ìdí De Dion àti táńkì epo bá ti wọlé, tó wá ku ẹ́ńjìnì, ìgbà yẹn lẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí sítáńdì.

Àdùkẹ́_Injiníà

Ọmọ Wẹ́dà, ìmọ̀ràn gidi ni, àyàfi ibì kan tó lè gbé èèyàn ṣubú. Ẹ ní kí diff, De Dion àti táńkì wọlé nígbà tí ṣáásì ṣì wà lórí àga. Gbogbo nǹkan yẹn ló wà lẹ́yìn àga ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ díẹ̀.

Ká ní ṣáásì òfìfo wúwo tó 70 kg, tí àárín gbùngbùn ìwúwo rẹ̀ sì wà ní 0.9 m síwájú àga ẹ̀yìn. Ohun tó ń tẹ iwájú mọ́lẹ̀ jẹ́ 70 × 0.9, ìyẹn 63. Ká wá ní diff àti àwọn ẹbí rẹ̀ wúwo tó 40 kg, wọ́n sì wà ní 0.6 m lẹ́yìn àga náà: 40 × 0.6 jẹ́ 24. Kò tíì ṣubú. Ẹnì kan wá fara ti ìdí mọ́tò kó lè di nọ́ọ̀tì kan, ó fi 50 kg tẹ̀ ẹ́ ní 0.8 m lẹ́yìn àga: 40 nìyẹn. 24 pẹ̀lú 40 jẹ́ 64, ó ti ju 63 lọ. Imú mọ́tò á gbéra, àga iwájú á dá wà, ìdí á sì já lu ẹsẹ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, kó tó di pé diff wọlé, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Tí ẹ bá fi dandan lé e pé orí àga ni, ẹ fi bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń di ẹrù so imú ṣáásì mọ́ àga iwájú, kí ẹ sì gbé ẹrù 25 kg sórí igi tó so ẹsẹ̀ àga náà pọ̀ nísàlẹ̀. Síbẹ̀, sítáńdì ló dára jù, nítorí ẹ lè sún tẹ̀yìn sábẹ́ ibi tí ìwúwo ti wà gan-an. Diff yẹn fúnra rẹ̀ rọrùn láti gbé wọlé lórí sítáńdì: jáàkì onítáyà á wọ abẹ́ rẹ̀, á gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹlòmíì ń fi wọ́ṣà sí àwọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti mú un wá sí àárín.

Ti ilẹ̀ tó dà: 40 mm lórí 5 m jẹ́ 8 mm fún mítà kan. Bí sítáńdì iwájú àti tẹ̀yìn bá jìnnà síra ní 1.8 m, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ nǹkan bí 14 mm. Ẹ gé pláíwúùdù 15 mm, kí ó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ sítáńdì lọ yíká, kí ẹ fi í sábẹ́ àwọn méjì tó wà lápá ilẹ̀kùn. Abẹ́ ẹsẹ̀ sítáńdì ni o. Ẹ má to pákó jọ sí orí rẹ̀ lábẹ́ ṣáásì, ibẹ̀ ló ti máa ń yọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì tí bíríkìlà ń lò dábùú ṣáásì níwájú, ẹ tún gbé e dábùú lẹ́yìn. Méjèèjì gbọ́dọ̀ sọ ohun kan náà. Bí wọn kò bá bára mu, ṣáásì ń lọ́ nìyẹn. Ọgbọ́n mìíràn: ẹ fi bébà kan sí abẹ́ ṣáásì lórí sítáńdì kọ̀ọ̀kan, ẹ wá fà á. Èyí tí bébà rẹ̀ bá yọ wẹ́rẹ́ kò gbé nǹkan kan, àwọn mẹ́ta yòókù ló ń jìyà rẹ̀. Ẹ máa fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kún abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí bébà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò fi há.

Ọmọ_Wẹ́dà

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ ṣé gan-an. Mo gbà, diff kò gbọdọ̀ wọlé lórí àga. Kí Gáréèjì Kóńkó pa ìlà yẹn rẹ́ nínú ohun tí mo kọ.

Ìyá_Ìbejì_Leeds

Àfikún kékeré lórí ibi tí irin máa jókòó lé. Orí sítáńdì dà bí àwo tó ní etí, etí yẹn sì máa ń gé ọ̀dà ara ṣáásì, ó tún máa ń tẹ irin rẹ̀ wọnú. Ẹ gé igi líle 100 × 75 mm, 300 mm ní gígùn. Ẹ la ojú rẹ̀ òkè ní gọ́tà tó fẹ̀ tó 27 mm, tó jìn tó 10 mm, kí irin ṣáásì wọ inú rẹ̀. Kò ní lè yọ̀ lọ sí ọ̀tún tàbí òsì. Lábẹ́ igi náà, ẹ gbẹ́ ibi tí orí sítáńdì máa wọ̀.

Bàbá_Sípánà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú làákàyè, ṣùgbọ́n gọ́tà yẹn kò ní wọlé lára Seven. Páànù ilẹ̀ rẹ̀, abẹ́ irin ni wọ́n ti fi ríféètì kàn án. Tẹ́ ẹ bá wo abẹ́ mọ́tò, páànù pẹrẹsẹ lẹ máa rí pẹ̀lú ìlà orí ríféètì, irin wà lókè rẹ̀. Ara ṣáásì tí èèyàn jó fúnra rẹ̀, tí páànù kò tíì bò, ni gọ́tà ti wúlò.

Fún ti Seven, kí ojú igi tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ kan ètè kan ṣoṣo mọ́ etí ìta rẹ̀, kí ó yọ sókè ní 15 mm. Ètè yẹn ló máa di ẹ̀gbẹ́ ṣáásì mú. Tí ẹ bá ti wọn ibi tí ríféètì wà, ẹ lu ihò kékeré sójú igi ní ọ̀gangan wọn, kí orí ríféètì rì sínú ihò, kí ẹrù má bàa wà lórí wọn. Abẹ́ irin gan-an ni kí igi wà o! Bí ó bá fi 30 mm sún sínú, páànù nìkan ló ń tì, páànù yẹn á sì wú sókè sínú mọ́tò. Ẹ fi ìka lù ú kẹ́ ẹ tó gbé sítáńdì sí i: ibi tí irin wà máa ń dún ki, ibi tó jẹ́ páànù lásán á dún gbàù.

Ìyá_Ìbejì_Leeds

Ó yé mi, ẹ ṣeun. Kí la máa tẹ́ sáàárín igi àti ọ̀dà? Kápẹ́ẹ̀tì?

Àdùkẹ́_Injiníà

Kápẹ́ẹ̀tì máa ń fa omi mọ́ra. Gáréèjì tó tutù ní oṣù kọkànlá, tí omi ń sẹ̀ lára irin, tó wá jẹ́ pé kápẹ́ẹ̀tì rin lábẹ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, ìpẹtà á gba ojú ibi tí ọ̀dà bá ti ha. Rọ́bà dúdú náà máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀ lára ọ̀dà tó mọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lẹ ní, ẹ fi ọ̀rá nínípọn bò ó, kí ẹ sì máa gbé e wò lóṣooṣù.

Kásítọ̀_Mẹ́rin

Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ nípa ìbú gáréèjì. Seven oníṣáásì kékeré fẹ̀ tó 1.575 m. Nínú 2.5 m, bí ẹ bá gbé e sí àárín, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ku nǹkan bí 46 cm. Èèyàn ò lè bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, kò lè fa sípánà gígùn. Tó bá jẹ́ ṣáásì SV tó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní 110 mm ńkọ́? Ó yẹ kí mọ́tò lè sún mọ́ ògiri kan lónìí, kó sún mọ́ èkejì lọ́la.

Ẹ kan férémù onígi tàbí onírin, kí ẹ fi táyà kásítọ̀ mẹ́rin sí i, ìyẹn táyà kékeré tó ń yí sí ọ̀nà gbogbo. Ẹ má pín ìwúwo sí mẹ́rin o! Ilẹ̀ gáréèjì kì í tẹ́ délẹ̀, ìgbà gbogbo ni táyà mẹ́ta ń gbé gbogbo ẹrù nígbà tí ìkẹrin ń léfòó. Mọ́tò 550 kg pẹ̀lú férémù 100 kg jẹ́ 650. Ẹ pín in sí mẹ́ta: 217. Ẹ ra èyí tó ń gbé 250 kg. Kí táyà rẹ̀ má kéré ju 100 mm lọ, torí òkúta wẹ́wẹ́ kan péré ti tó láti dá táyà 50 mm dúró gbọnin, kó sì ta gbogbo férémù nù síwájú. Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní bíréèkì.

Bàbá_Sípánà

Kásítọ̀, ilẹ̀ tó dà ni wọ́n ní. 40 mm! Mọ́tò tó wà lórí táyà á máa wá ọ̀nà ilẹ̀kùn lọ ni. Bíréèkì kásítọ̀, rọ́bà ló ń tẹ̀, kò ṣeé gbé ẹ̀mí lé. Ẹnì kankan kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ mọ́tò tó wà lórí kásítọ̀.

Kásítọ̀_Mẹ́rin

Òótọ́ ọ̀rọ̀, mi ò jiyàn. Kí férémù ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tí kò ní táyà: ẹ jó nọ́ọ̀tì M20 mọ́ igun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ti bóòtì gígùn gba inú rẹ̀, pẹ̀lú irin pẹrẹsẹ 80 mm nídìí bóòtì náà. Tí mọ́tò bá ti dé ibi tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ máa yí bóòtì sísàlẹ̀ títí kásítọ̀ yóò fi kúrò nílẹ̀ ní 5 mm. Ẹ tún lè fi bóòtì yìí kan náà tún dídà ilẹ̀ ṣe. Tí ẹ kò bá ní ẹni tó ń jó irin, ẹ fi kásítọ̀ sílẹ̀, ẹ lo sítáńdì, kí ẹ fara da ẹ̀gbẹ́ tó há.

Kiréènì_Àtàrí

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ ẹ́ńjìnì, torí ọjọ́ yẹn ni gíga tẹ́ ẹ yàn máa hàn bóyá ó dára.

Ohun méjì ló ń bá ara wọn jà. Ẹsẹ̀ kiréènì gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ mọ́tò, nítorí náà mọ́tò kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ jù. Ẹ́ńjìnì náà gbọ́dọ̀ kọjá lórí imú mọ́tò, nítorí náà mọ́tò kò gbọdọ̀ ga jù. Ẹ wọn nǹkan mẹ́ta kẹ́ ẹ tó háyà kiréènì: láti ilẹ̀ dé òkè irin imú ṣáásì, láti ibi tí ìkọ́ máa so mọ́ dé ìdí ẹ́ńjìnì tí ọ́ìlì ń jókòó sí, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n rẹ̀, àti 100 mm fún ààyè. Ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ìkọ́ kiréènì gbọ́dọ̀ lè ga ju àròpọ̀ yẹn lọ nígbà tí apá rẹ̀ nà dé ibi tẹ́ ẹ nílò. Orí àga 700 mm, ìṣirò yìí kì í sábà jáde. Ìdí nìyẹn tí Ọmọ Wẹ́dà fi ní kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ tún wo ohun tí wọ́n kọ sára apá kiréènì. Kiréènì onítọ́ọ̀nù kan, tọ́ọ̀nù yẹn wà fún ìgbà tí apá rẹ̀ kúrú jù lọ. Bí a bá nà án dé òpin, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbé ju 250 kg mọ́. Duratec àti gíábọ́ọ̀sì pa pọ̀ kò tó 200 kg, ó ṣe é gbé, ṣùgbọ́n kò sí ààyè fún fífa pẹ̀lú ipá. Bí gíábọ́ọ̀sì bá há, ẹ dúró kí ẹ wá ohun tó há a. Ẹ má fi kiréènì jà á.

Ibi tí sítáńdì iwájú máa wà: àwọn kan máa ń ti í sẹ́yìn sábẹ́ ògiri tó pín ẹ́ńjìnì àti ìjókòó níyà, kí ẹsẹ̀ kiréènì lè ráyè. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnì á wà níwájú sítáńdì, imú á sì wúwo bí ìdí ṣe wúwo nínú ìṣirò Àǹtí Àdùkẹ́. Imú Seven tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ kiréènì sì ya síta. Ẹ fi sítáńdì méjèèjì sábẹ́ irin ìdábùú lówà áàmù, kí ẹsẹ̀ kiréènì gba ìta wọn kọjá, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹ dán an wò láìgbé ẹ́ńjìnì ní ọjọ́ tó ṣáájú. Táyà iwájú kò gbọdọ̀ tíì wà lára mọ́tò.

Gíábọ́ọ̀sì ló ń kọ́kọ́ wọlé, ìdí rẹ̀ á dà sísàlẹ̀ gan-an sínú ihò gbọọrọ tó wà láàárín ìjókòó méjèèjì. Ohun tí wọ́n ń so sí ìkọ́ láti yí ìdàgẹ̀rẹ̀ ẹ́ńjìnì padà kò ṣeé ṣe láìní. Ẹ lè gbé ìdí mọ́tò ga ju imú lọ ní 100 mm kí ihò náà lè gba ìdàgẹ̀rẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kí sítáńdì ẹ̀yìn wà ní gíga kan náà ní ọ̀tún àti òsì.

Bàbá_Sípánà

Ẹ ṣeun, Kiréènì. Mo gba tiyín, mo fi "láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin" mi sílẹ̀.

Àwọn ohun tó kù nìyí. Jáàkì onítáyà kì í gbé nǹkan sókè ní tààrà, apá rẹ̀ ń rìn ní ìlà tó tẹ̀ bí ọrun. Bó ṣe ń ga, orí rẹ̀ ń fà sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí táyà jáàkì fi gbọ́dọ̀ lè yí fàlàlà. Bí iyanrìn bá dá a dúró, mọ́tò ni yóò fà, sítáńdì tó wà lódì kejì á sì fì. Ẹ gbá ilẹ̀ kí ẹ tó gbé e. Ẹ máa gbé iwájú ní 50 mm, kẹ́ ẹ gbé ẹ̀yìn ní 50 mm, bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ mọ́tò lódindi lẹ ń gbé sókè, ẹ má gbé jáàkì sábẹ́ ìdí ẹ́ńjìnì tàbí sábẹ́ diff.

Nọ́ọ̀tì ńlá tó wà ní ojú táyà ẹ̀yìn gba agbára tó ju 200 Nm lọ. Ẹ má dè é lórí sítáńdì láé. Ẹ dúró dé ìgbà tí táyà bá wà nílẹ̀, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn bóòtì tó gba inú bọ́ọ̀ṣì onírọ́bà ní lówà áàmù àti ìdí ṣọ́ọ̀kì: tẹ́ ẹ bá dè wọ́n pátápátá nígbà tí lówà áàmù ṣì ń rọ̀ sísàlẹ̀, rọ́bà náà á lọ́ bí mọ́tò bá jókòó, á sì ya láìpẹ́. Ẹ fi ọwọ́ mú wọn lásán, kí ẹ fi ọ̀dà pupa sàmì sí wọn, kí ẹ má gbàgbé.

Gáréèjì_Kóńkó

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ohun tó yé mi nìyí: àga 650 mm fún páìpù, wáyà, pẹ́dà àti iwájú, sítáńdì mẹ́rin ní 350 mm kí diff tó wọlé, pláíwúùdù 15 mm lápá ilẹ̀kùn, igi alétè lábẹ́ irin. Búlọ́ọ̀kù ti jáde. Ìbéèrè kan ṣoṣo: tí èèyàn bá fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀, kí ló tún kù láti ṣe?

Àdùkẹ́_Injiníà

Kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé igun ṣáásì, ẹ tì í gidi, síwájú, sẹ́yìn, sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá máa ṣubú, kó ṣubú nígbà tẹ́ ẹ wà níta. Ẹ wá ti táyà méjì, ọ̀kan lé orí èkejì, sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò lápá tẹ́ ẹ bá wà. Ríìmù wọn kí ó wà lábẹ́ irin, kí ó ku 20 mm kó kàn án.